Ọ̀lẹ̀ Tí Ọwọ́ Òsì Pọ́n

Bí ẹnikẹ́ni bá ń retí kí n sọ pé mo ti dárí ji obìnrin yẹn, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. N ò tíì dárí jì í.

Oko iṣu ni wọ́n ti jí ọkọ mi gbé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí oko wọn jọ pààlà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà wálé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Ọkọ mi kò padà. Ikọ́ fée rẹ̀ dé sí i nínú igbó, àwọn ajínigbé náà sì jókòó wò ó títí tó fi kú. Nígbà tí mo lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí, ó yọ ewé gbígbẹ kan jáde látinú àpò. Ó ní ewé ọ̀lẹ̀, ìyẹn mọ́ínmọ́ín, tí wọ́n fi ń bọ́ àwọn nìyẹn, inú rẹ̀ ni ọkọ mi ti jẹun kẹ́yìn.

Mo wo bí wọ́n ṣe ká ewé náà. Gbogbo wa nílùú wa, apá ọ̀tún la ti ń ká a. Apá òsì ni wọ́n ti ká eléyìí. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pọ́n ọ̀lẹ̀ báyẹn: obìnrin ọlọ́lẹ̀ tó ń gbé lópin ìlú, tó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Àwa méjèèjì la jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ mi, òun ló dì mí mú, tó ń sunkún jù mí lọ! Bí àdá bá wà nítòsí lọ́jọ́ tí mo rí ewé náà, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ǹ bá ti máa sọ ìtàn yìí.

Olórí ọdẹ tó ń gbé ní Ìkọ̀lé nìkan ni mo fi ewé náà hàn. Bàbá yẹn ní, "Ọmọ mi, bí o bá pariwo báyìí, àwọn tó wà nínú igbó á sá lọ. Sún mọ́ obìnrin náà. Máa bá a rẹ́rìn-ín."

Ẹ̀rín! Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro mí. Mo lọ bá a pé ilé dá fún mi, kí n máa wá bá a fọ ewé. "Káàbọ̀ sí ulé mi, àbúrò," ló wí. Láràárọ̀ ni mò ń fọ ewé, tí mò ń lọ ẹ̀wà, tó ń kọ orin ìyìn sí mi létí, tí mo sì ń ṣépè fún un nínú ọkàn mi. Ọ̀lẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Sátidé tó ṣáájú ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, ó ní kí a gbé ìkòkò kejì kaná. Mo bi í pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo rẹ̀. Ó ní oníbàárà ni. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan gun ọ̀kadà dé, tí òun àti obìnrin náà lọ dúró sẹ́yìn balùwẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé mo wà nínú rẹ̀.

"Lọ́la, bí wọ́n bá ti ń jó ìkórè lọ sórí pẹpẹ," ni ọkùnrin náà wí. "Ọ̀nà odò la ó gbà wọlé. Ìwọ má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì o."

"Mo ti gbọ́," ló dá a lóhùn.

Àwọn ọmọ mi méjèèjì ló fẹ́ kọrin níbi ìkórè náà. Fóònù mi kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo ní inú ń run mí, mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo dá ọ̀kadà dúró: "Ìkọ̀lé, sáré!" Epo ọ̀kadà náà tán lórí òkè. Yéè! Mo bọ́ bàtà mi, mo fi ẹsẹ̀ lásán sáré lórí ọ̀dà, àwọn tó ń kọjá rò pé orí mi ti dàrú. Àtẹ́lẹsẹ̀ mi ti bó kí n tó dé ilé olórí ọdẹ.

Ó fi máṣíìnì rẹ̀ gbé mi padà dé etí ìlú, ó ní kí n lọ parí iṣẹ́ mi kí obìnrin náà má baà fura. Mo padà. Mo jókòó tì í, mo pọ́n ọ̀lẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ wá kó ọmọ mi.

Àwọn ọdẹ àti ọlọ́pàá ti ba sẹ́bàá odò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tó dún, ọwọ́ ti tẹ gbogbo àwọn ajínigbé náà, ọ̀lẹ̀ sì wà nínú àpò wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lọ mú obìnrin náà. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ó rí mi láàárín àwọn ọdẹ. "Àbúrò," ó ní, "jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n."

Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òun ti júwe tiwa. Mo mú ọ̀lẹ̀ kan nínú èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ibi náà, mo fi ọwọ́ òsì nà án sí i.

"Gbà," mo ní. "Irú rẹ̀ ni ọkọ mi jẹ kẹ́yìn."

Kò gbà á. N ò sì ká ọwọ́ mi kò títí wọ́n fi gbé e sínú ọkọ̀.