Orin aláró tí mo fi oṣù mẹ́ta wá

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó rẹ̀ mí, ojú tún ń tì mí.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá orin àwọn aláró kiri, nítorí eré olórin tí a fẹ́ ṣe nípa Abẹ́òkúta àtijọ́. Mo dé Ìtòrí, mo dé Papalanto. Orin kan náà ni gbogbo ìyá àgbà ń kọ fún mi:

"Rì í bọmi, yọ ọ́ síta, á funfun báláú!"

Nígbà tí dírẹ́tọ̀ wa gbọ́ ọ, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Ó ní òun la máa fi parí eré.

Lónìí, mo kọ ọ́ fún ìyá aláró kan ní Kútọ̀, kí wọ́n lè sọ ìtàn ẹ̀ fún mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ọmọ mi, aró la fi ń rẹ aṣọ. Èwo ni kó funfun?"

"Ẹ̀n, Mama?"

"Ìpolówó ọṣẹ ni! Ní bí ọdún 1980 sókè, àràárọ̀ ni rédíò ń kọ ọ́. Àwa náà á máa kọ ọ́ nídìí ìkòkò aró."

Oṣù mẹ́ta! Mi ò bi ara mi pé báwo ni aṣọ tó jáde nínú aró ṣe máa funfun.

Nígbà tí mo padà dé ibi ìdánrawò, orin ọṣẹ ni àwọn òṣèré wa ń kọ lọ́wọ́. Dírẹ́tọ̀ dijú, ó gbé ọwọ́ lé àyà.

Mi ò tíì sọ fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, orin tí àwọn aláró fẹnu ara wọn kọ nídìí aró, ṣé kì í ṣe orin aláró ni? Ẹ tètè dá mi lóhùn o.