Abẹ́rẹ́ Tó Wọ Adùnọlá Lọ́wọ́

Lọ́dún 1989, ní ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Margaret ní Pápá Àjàó, bí oníbàárà bá ní òun kò fẹ́ àbùkù kankan lára aṣọ òun, Adùnọlá ni wọ́n máa ń fà á lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ó ti gba fìríìdọ̀ọ̀mù, ó sì ti di igbákejì ọ̀gá rẹ̀. "Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí," ni Àǹtí Margaret máa ń wí fún àwọn ọmọṣẹ́. "Ṣé ẹ rí ibi tó ti wọ́?" Ìyìn náà kì í dùn mọ́ Adùnọlá nínú mọ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ojú rírán kan bá yà díẹ̀, á tú gbogbo rẹ̀, á tún un rán, á tún tú u, títí aṣọ á fi fẹ́ gbó kí ẹni tó ni ín tó wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, òun nìkan ló wà nídìí máṣíìnì, ó ń rán aṣọ ìgbéyàwó Jennifer, ọmọ oníbàárà wọn kan ní Sùúrùlérè. Sátidé ni ìgbéyàwó. Bó ṣe tẹ máṣíìnì báyìí, abẹ́rẹ́ gba orí èékánná ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ wọlé, ó sì kán síbẹ̀. Kò pariwo. Ó fi ẹmú fa èyí tó rí fà, ó fi àkísà wé e, ó ń báṣẹ́ lọ. Kí wọ́n gbọ́ pé òun, Adùnọlá, rán ọwọ́ ara òun mọ́ aṣọ bí ọmọṣẹ́ tó dé lánàá? Ó tẹ́!

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ìka náà wú. Ní Wẹ́sìdeè, ó ń sọ kùlà-kùlà bí ọkàn kejì. Adùnọlá sọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù pé ọ̀bẹ ló gé òun níbi tí òun ti ń gé àlùbọ́sà. Nígbà tó fi di Tọ́sìdeè, òórùn kan ti ń jáde lára àkísà náà, ìlà pupa kan sì ti ń ti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ gun apá lọ.

Rónkẹ́, ọmọṣẹ́ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, rọra wí pé, "Ẹ̀gbọ́n Adùn, ọwọ́ yín ń rùn."

"Kò tó nǹkan."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Bùrọ̀dá Tìrìmísíyù ṣe wí."

Káfíńtà ni Tìrìmísíyù, ìsọ̀ rẹ̀ ló kàn wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ìṣó gún un lẹ́sẹ̀, ó ní kò tó nǹkan, kò sì tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó yá, eyín rẹ̀ pa dé, wọ́n fi ṣíbí là á, kò là. Gbogbo wọn ni wọ́n gbọ́ igbe ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú. Adùnọlá rọra la ẹnu ara rẹ̀ wò. Ẹnu là, ṣùgbọ́n òtútù ti ń mú un nínú oòrùn.

Ó dìde, ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo ti ṣàṣìṣe." Ó tú àkísà náà.

Àǹtí Margaret ké. Nígbà tí Adùnọlá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé aṣọ Jennifer kò tíì parí, ọ̀gá rẹ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀: "Ta ló bi ọ́ léèrè aṣọ?"

Lọ́sibítù, wọ́n gé oríkèé kan kúrò lára ìka náà. Dókítà ní tó bá di ọ̀la ni, odindi apá ni àwọn ì bá máa wí. Àǹtí Margaret jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹnu mi ló kó bá ọ," ló ń wí. Adùnọlá náà sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti Mọ́ńdè. Rónkẹ́ ló parí aṣọ náà. Ó wọ́ díẹ̀ lẹ́yìn, Jennifer sì wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Oṣù mẹ́ta kọjá kí Adùnọlá tó padà sídìí máṣíìnì. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan nawọ́ sí apá búláòsì rẹ̀, ó ní kò gún. Àyà Adùnọlá já pàà.

"Èmi ni mo ṣì í rán, mà," ló wí. "Ẹ padà wá gbà á lọ́la."

Obìnrin náà ní kò burú, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó pẹ́ kí àyà Adùnọlá tó balẹ̀.