Kẹ́ẹ̀gì Mẹ́fà

Kí ló dé tí Ọlọ́run jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ilé Rẹ̀?

Mẹkáníìkì ni ẹ̀gbọ́n mi. Inú kẹ́ẹ̀gì ló ń da ọ́ìlì dúdú tó bá tú lára ọkọ̀ sí, kó má baà ṣàn wọ kànga àdúgbò. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ da kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà sílẹ̀ kó tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

"Ọ̀gá, a fi bá yín pa eruku ni."

"Ẹ pa eruku, ẹ wá pa kànga mọ́ ọn?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ọ́ìlì sì léfòó sórí omi kànga.

Mo ní kó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

"Mo ti fi lé E lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àbúrò mi, lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, bá mi jókòó ti kẹ́ẹ̀gì, kí n lè lọ jọ́sìn."