Ṣílè Ìyàwó Mi Nínú Gààrí

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹ̀rù ṣe ń sọ àgbàlagbà di òmùgọ̀, kó wá bi mí. Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ohun tó kù sí yàrá mi ní Pápá Àjàó kò ju rédíò tí mò ń tún ṣe lọ, àti agolo tíì kan tí mo kó owó fàdákà àtijọ́ sí. Ṣílè ayé òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti ìyàwó mi. Ìyá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń bọ̀ nílé mi, ó ní, "Fàdákà ni. Bí ilé ọkọ bá le, o ò ní fẹsẹ̀ rìn padà." Kò tà á rí. Ó kàn máa ń fi halẹ̀ mọ́ mi ni: "Ẹ rọra o, owó mọ́tò mi ṣì wà nílẹ̀."

Mo mọ bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ṣùgbọ́n etí mi kàwé jù mí lọ; iṣẹ́ rédíò ló kọ́ ọ. N ó kọ́kọ́ fi òòfà tí mo yọ lára sípíkà tó bàjẹ́ kàn án. Bí òòfà bá gbé e, irin ni. Bí kò bá gbé e, ìyẹn ò tíì tó, torí òòfà kì í gbé idẹ, kì í sì í gbé òjé. N ó wo eyín wẹ́wẹ́ tó yí etí rẹ̀ ká, bóyá ó gún régé àbí ó dà bí eyín èmi alára. Lẹ́yìn náà, n ó jù ú sórí sìmẹ́ńtì. Fàdákà a dún gooro, ohùn náà a pẹ́ kó tó kú. Ayédèrú a dún kò, ó parí.

Gbogbo owó inú agolo ni mo ti jù báyẹn, àfi ti ìyàwó mi. Mo ní kò yẹ kéèyàn máa ju nǹkan olóògbé mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ohùn rẹ̀ ló ń bà mí.

Ìgbà tí olè fọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò ni wèrè mi bẹ̀rẹ̀. Mo di àwọn owó náà sínú ọ̀rá, mo rì wọ́n sínú ike gààrí Ìjẹ̀bú, mo ti ike náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, olè wo ló ń jí gààrí? Ìgbà tí mo wá rántí iye tí wọ́n ń ta gààrí báyìí, oorun tún dá lójú mi.

Obìnrin kan wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi, aránṣọ ni. Òun nìkan ló ń kan ilẹ̀kùn mi látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ. Bó bá se ẹ̀wà, yóò bu tèmi wá, yóò sì jókòó díẹ̀ kó bá mi bú ìjọba. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, gáàsì rẹ̀ tán. Ó mú abọ́ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fún mi ní gààrí díẹ̀, ebi fẹ́ pa mí."

"Gààrí tán," mo ní.

"Èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ńkọ́?"

"Ìyẹn... ìyẹn ò dáa."

"Kí ló ṣe é? Ó ń ṣàìsàn ni, tó fi dùbúlẹ̀ síbẹ̀?"

Bó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, fàdákà ni yóò bà. Ó rẹ́rìn-ín kékeré kan. "Ó dáa, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi kí i o, kó tètè gbádùn." Ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ. Kò kan ilẹ̀kùn mi mọ́.

Òjò pọ̀ lọ́dún náà. Nígbà tó dá, mo fa ike jáde. Gààrí ti bu. Ọ̀rá ti làágùn nínú, àwọn owó sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Olè ò débẹ̀. Èmi ni mo bá a ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń ra owó àtijọ́ ní Òtò ti kìlọ̀ fún mi rí pé ẹni tó bá bó dúdú ara fàdákà àtijọ́, ojú rẹ̀ ló bó, kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò rí nǹkan dídán tó dúdú, tí kò ní wá eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́? Bí ìyá mi ṣe ń fọ àwo idẹ rẹ̀ de ọdún nìyẹn. Ti ìyàwó mi lọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Mo fún ọsàn lé e, mo fi eérú bó o. Dúdú lọ. Funfun náà tẹ̀ lé e. Idẹ ló kù lọ́wọ́ mi.

Mo wá jù ú sórí sìmẹ́ńtì. Ó dún kò.

Bóyá wọ́n tan ìyá rẹ̀ ni. Bóyá ìyàwó mi náà mọ̀, tó sì ń fi owó mọ́tò tí kò lè gbé e dé ibì kankan halẹ̀ mọ́ mi láti ọjọ́ yìí wá. Kò sẹ́ni tí mo lè bi.

Mi ò fọ àwọn yòókù. Mo fi aṣọ òwú gbígbẹ tẹ omi ara wọn, mo wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú bébà, mo kó wọn padà sínú agolo pẹ̀lú àwọn àpò pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun kó má bàa rin. Létí ni mo ti ń dì wọ́n mú báyìí, n kì í fìka kan ojú wọn. Ẹ ò rí i bí mo ṣe gbọ́n lẹ́yìn tí ọ̀ràn ti bàjẹ́.

Mo ra gààrí tuntun, mo bu abọ́ kan, mo kan ilẹ̀kùn òdìkejì.

"Ara rẹ̀ ti yá ni?" aránṣọ bi mí.

Mo ní, "Ó kú. Àbúrò rẹ̀ nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Ṣílè idẹ náà kò sí nínú agolo. Orí tábìlì iṣẹ́ mi ló wà; olè tó bá fẹ́ kó wá mú un. Nígbà mìíràn apá mi a gbá a ṣubú, a dún kò, bí ìgbà téèyàn kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan péré. Mo mọ̀ pé ṣílè náà ni. Síbẹ̀ n ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, n ó ní, "Ta nìyẹn?"