Tinúkẹ́ àti Igi Róòsì Mẹ́fà

Ọdún 1912 ni mo kọ́kọ́ rí Tinúkẹ́, ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé Ìwó láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ó jókòó sórí ìtì igi lẹ́yìn ilé ìdáná òyìnbó, ó da ojú ìkòkò kan délẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì ń fi ìṣó ńlá kan ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo rò pé ó ń ba ìkòkò jẹ́ ni. Mo kí i, mo sì bi í pé kí ni ìkòkò náà ṣe.

Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Tíṣà. Omi tó bá wọlé ni mo fẹ́ kó rí ọ̀nà jáde."

Kuta ni wọ́n bí i sí, ìyá rẹ̀ sì ń mọ ìkòkò níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ Tinúkẹ́ kú, àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ ṣú u lópó fún àbúrò olóògbé, ṣùgbọ́n ó kọ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ Abọ́sẹ̀dé dání. Aya òyìnbó àlùfáà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló gbà á sí ọgbà rẹ̀. Ó ń gbálẹ̀, ó ń bomi rin òdòdó, ó sì ń gbé yàrá kékeré kan ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà. Ẹni tó bá ń tọ́jú ọgbà ló ni yàrá náà. Tinúkẹ́ kò sì ní ibòmíràn tó lè sùn sí ní gbogbo Ìwó.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún kejì, ọkọ̀ rélùwéè gbé igi róòsì mẹ́fà dé láti ìlú òyìnbó. Wọ́n fi koríko gbígbẹ dì wọ́n bí ìgbà tí a bá di ẹyin. Méjì pupa ni, méjì funfun, méjì yòókù ní àwọ̀ ìyeyè bí inú ẹyin adìyẹ tí a sè. Kò pẹ́ tí a gbìn wọ́n tí ara Màmá kò yá, tí dókítà sì ní kí ó lọ sinmi ní ìlú òyìnbó. Nígbà tó ń lọ, ó ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ òun fún Tinúkẹ́ kí ó lè yé e dáadáa: bí àwọn igi náà bá wà láàyè nígbà tí òun bá padà ní oṣù Bélú, iṣẹ́ ọgbà di ti Tinúkẹ́ pátápátá. Bí wọ́n bá kú, òun yóò gba Fàtáì.

Fàtáì yìí ti ṣiṣẹ́ ọgbà fún òyìnbó kan ní Ìbàdàn, ó sì ní ìwé ẹ̀rí tó ká sínú fìlà rẹ̀. Òun ló ń bá àwa olùkọ́ gé igi ní àyíká ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà, kò sì sí ọjọ́ tí kì í yà wo róòsì.

"Ìyá oníkòkò," ni yóò wí, "ṣé o ti ń di ẹrù rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí òjò rọ̀ ná."

Òjò rọ̀. Láti ìdí mẹ́ta nínú àwọn igi náà, ọ̀mùnú tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, wọ́n tóbi, wọ́n dúdú, wọ́n ń ga lójoojúmọ́. Àwọn ẹ̀ka àtijọ́ lókè wọn rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Gbogbo ẹni tó bá gbin àgbàdo rí ní Ìwó ló mọ ohun tí a ń ṣe: a ó fa èyí tí kò lágbára tu, kí èyí tó lágbára lè rí ààyè. Ohun tí Tinúkẹ́ ṣe nìyẹn. Ó gé ẹ̀ka àtijọ́ àwọn mẹ́ta náà, ó fi ọ̀mùnú tuntun sílẹ̀. Èmi náà gbóríyìn fún un. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti ga jù mí lọ, àwọn tó ń ti ọjà bọ̀ sì ń dúró wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n wọn kò tanná. Àwọn mẹ́ta tó rí hẹ́gẹhẹ̀gẹ tanná ní oṣù Ẹ̀bìbí, àwọn alágbára kò yọ ẹyọ òdòdó kan.

Lọ́jọ́ kan, Tinúkẹ́ já ewé kan lára igi tó ń tanná, ó já òmíràn lára èyí tí kò tanná, ó sì gbé wọn wá bá mi nínú kíláàsì.

"Tíṣà, ẹ bá mi kà á."

Ewé kéékèèké márùn-ún ló wà lára ọ̀pá èyí tó ń tanná. Méje ló wà lára ti èyí tí kò tanná.

"Èyí kì í ṣe igi kan náà," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. Ó sáré padà sí ọgbà, ó fi ìka wa iyẹ̀pẹ̀ ìdí igi náà, mo sì tẹ̀lé e. Kókó ńlá kan wà níbẹ̀, bí oríkèé tó wú. Láti abẹ́ kókó náà ni ọ̀mùnú alágbára ti jáde. Igi méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ ní ìlú òyìnbó: gbòǹgbò igi ìgbẹ́ nísàlẹ̀, róòsì lókè. Róòsì gan-an ni Tinúkẹ́ ti gé sọnù, ó sì ti ń bọ́ igi ìgbẹ́ láti oṣù kan sẹ́yìn.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. "Mo ti fọwọ́ ara mi pa mẹ́ta."

Fàtáì gbọ́ kó tó di alẹ́. Kò bú u, ṣùgbọ́n ó wá wo bí yàrá náà ṣe fẹ̀ tó, ó sì fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n.

Tinúkẹ́ kò dúró de ìtùnú ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kejì ó ti gé ẹ̀ka lára àwọn mẹ́ta tó kù, pupa kan, funfun kan, aláwọ̀ ẹyin kan, ó gé wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń gé igi ẹ̀gẹ́ fún gbígbìn, olójú mẹ́rin mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ fi ìkòkò tó sán díẹ̀, tí kò ṣe é tà, ránṣẹ́ láti Kuta. Àwọn aláró àdúgbò fún un ní tiwọn náà, ṣùgbọ́n ó dá wọn padà, nítorí wọ́n ti mu omi eérú aró yó jù fún nǹkan ọ̀gbìn. Ó kó àpáàdì sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó da ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ ewúrẹ́ gbígbẹ lé e, ó ki igi náà bọ̀ ọ́ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò wọ́n.

"Bí èyí bá hù," ló wí fún mi, "gbòǹgbò tirẹ̀ ni yóò dúró lé. Ohunkóhun tó bá yọ nídìí rẹ̀, róòsì ni."

Nígbà tí wọ́n hù tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Kì í wo òdòdó, ewé ló ń wò. Aláwọ̀ ẹyin ní ẹ̀tẹ̀ dúdú lára ewé ní oṣù Agẹmọ, gbogbo rẹ̀ sì kú, àti ìyá àti ọmọ. Òjò ń mú kí òdòdó funfun jẹrà kí ó tó là, nítorí náà mẹ́rin péré ló fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Pupa ni kò ka òjò Ìwó sí. Bí ewé rẹ̀ bá rẹ̀, òmíràn ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Èyí ló fi kún àwọn ìkòkò tó kù.

Màmá padà dé ní Bélú. Kí ó tó sọ̀kalẹ̀ tán ni Fàtáì ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Mẹ́fà lẹ fi lé e lọ́wọ́. Méjì ló kù."

Tinúkẹ́ kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n sọ, mà. Mo fi ọwọ́ mi pa mẹ́ta. Òjò pa ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá wo ẹ̀yìn ilé ìdáná."

A tẹ̀lé wọn. Ìkòkò mẹ́tàdínlógún ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, mẹ́tàlá pupa, mẹ́rin funfun, gbogbo wọn tanná. Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò kan, ó wá kókó, kò rí i.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹ̀gẹ́ ni, mà."

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀ tán, Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó wá sọ pé ẹni tó ta igi náà fún òun kìlọ̀ pé kí a máa fa ohun tó bá yọ lábẹ́ kókó tu, òun ni òun gbàgbé láti sọ. Lójú gbogbo wa ló ti fi kọ́kọ́rọ́ yàrá lé Tinúkẹ́ lọ́wọ́, ó sì ní òun kò tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lórí ọgbà òun.

Fàtáì ló kù lẹ́yìn. Ó yọ fìlà, ó họ orí.

"Ìyá Abọ́sẹ̀dé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù fún mi nínú pupa yẹn. Ìyàwó mi ń bọ̀ láti Ìbàdàn."

"Ẹ gbé ìkòkò bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe ti aró o."

Láàárín ọdún mẹ́ta, róòsì pupa náà ti gba iwájú ilé ìjọ, iwájú ilé ẹjọ́ àti ibùdókọ̀ rélùwéè. Lórí ebè ni Tinúkẹ́ ń gbìn ín níbi gbogbo, kì í ṣe lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, kí omi má baà dúró nídìí rẹ̀. Àwọn ìyàwó tuntun láti Ilé-Ogbó ń wá gba ẹ̀ka lọ́wọ́ rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lọ láìjẹ́ pé wọ́n gé ọ̀kan lójú rẹ̀.

Ó fi ọgbà sílẹ̀ fún Abọ́sẹ̀dé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Olúpọ̀nnà ló ń gbé báyìí, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tó kọ́ fúnra rẹ̀.