Òkúta Inú Páìpù

Ìyá ọkọ mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun bu omi àlùwàlá. Oríkèé ẹsẹ̀ ń dùn ún nígbà náà, òtútù Jos kò sì ràn án lọ́wọ́, ni ọkọ mi bá fa páìpù láti ọ̀dọ̀ táǹkì omi kànga wá sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, nílé wa ní Àpáta, ní Jos níbẹ̀. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Màmá á jókòó lórí àpótí, á ṣí ẹ̀rọ, á wẹ ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, omi bẹ̀rẹ̀ sí tín-ín-rín, títí ó fi di pé ó ń kán tó, tó. Mo gbé kẹ́túlù omi àlùwàlá dé, Màmá mójú kúrò.

"Ìyàwó, ṣé mo ti wá di ọmọ ọwọ́ ni?"

Ó ká mi lára, inú sì bí mi díẹ̀.

A pe bàbá oníṣẹ́ páìpù kan láti Bukuru, Haúsá ló ń sọ. Ó tú páìpù kúkurú tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó ní, "Dutse ne." Òkúta ni. Ihò tó kù kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó ní kí n wá "ruwan tsami", ìyẹn omi kíkan, ó sì lọ kírun. Èmi tí wọ́n bí sí Jos, tí mo ń fi Haúsá yangàn sí àwọn ará ilé ọkọ mi! Mo gbé ìkòkò ògì mi, mo da omíkan orí rẹ̀ sínú garawa, mo ri páìpù bọ̀ ọ́.

Bàbá dé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Madam, na asíìdì I mean o!"

Ṣùgbọ́n omi inú garawa ti ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yí páìpù ká, kò sì sí iná lábẹ́ rẹ̀. Bàbá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Kai! Ikon Allah." Agbára Ọlọ́run ni. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi òòlù kan páìpù náà jẹ́jẹ́. Òkúta funfun já bọ́, ìpele lórí ìpele bí àlùbọ́sà. Mo mú ọ̀kan dání. Inú omi tó mọ́ gaara lójú wa, tí a ń mu, tí a fi ń wẹ ọmọ, ni odi yìí ti ń mọ ara rẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, a kò sì gbọ́ ìró kankan. Ẹ̀rù Ọlọ́run bà mí. N kò mọ ìgbà tí Bàbá to páìpù padà.

Omi tú jáde, gbùúù. Màmá jókòó, ó wẹ ẹsẹ̀, ó tún un wẹ̀, bẹ́ẹ̀ àkókò ìrun kò tíì tó. Mo na ọwọ́ kí n bá a fọ gìgísẹ̀. Ó ti ọwọ́ mi kúrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ ó wẹ̀ mí, tí n kò ní lè bá yín jiyàn."