Ilé Ìwé Ọlọ́gàá Méjì

Nígbà tí ìjọba pa ilé ìwé òkè àti ilé ìwé ìsàlẹ̀ pọ̀ di ọ̀kan ní Iléṣà, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìsàlẹ̀ ní eré ìdárayá. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá wó o lọ́jọ́ kan, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n bá tiwọn lọ. Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni ọ̀gá méjì, kò sì sí ẹni tó sọ èwo ló ṣáájú èkejì.

Ọkùnrin ni ọ̀gá òkè, obìnrin ni ti ìsàlẹ̀. Oníkálùkù ló ní agogo tirẹ̀. Tí wọ́n bá lu ti òkè pé kí àwọn ọmọ jáde lọ jẹun, ọ̀gá ìsàlẹ̀ á ní kí tiwa jókòó títí ti òun náà á fi dún. Àgbàlagbà tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì ni àwọn méjèèjì o. Láràárọ̀ ni wọ́n ń dúró níwájú àwọn ọmọ, wọn ò ní wo ojú ara wọn, wọ́n á sì máa wàásù ìfẹ́ fún wa.

Ilé ìwé méjèèjì ló ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ti obìnrin, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣe orogún. Àwọn ọmọ òkè a máa pe tiwa ní ará oko, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gun ọ̀kadà wá láti abúlé kòkó. Tiwa a máa pè wọ́n ní ẹyin, pé tí wọ́n bá ti bọ́ sílẹ̀, wọ́n fọ́ nìyẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín. Mi ò ní purọ́ pé mi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n pa wá pọ̀, èmi ni wọ́n ní kí n máa kọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó wọn jọ sórí pápá, apá ọ̀tún ni òkè dúró sí, apá òsì ni ìsàlẹ̀. Àwọn tòkè wọ jésì tuntun tí àwọn tó jáde ní ilé ìwé wọn rà fún wọn, orúkọ ilé ìwé tí kò sí mọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ gàdàgbà. Kò sí ẹni tó ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀, àfi tó bá fẹ́ jù ú mọ́ ọn lójú.

Aṣọ́lé tiwa ga, kì í sọ̀rọ̀. Kòkó tó ń bá bàbá rẹ̀ fọ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle bíi pákó. Aṣọ́lé òkè kúrú, ọmọ nọ́ọ̀sì ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ yìí fi ń wo tiwa bó ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù dànù kó tó sún mọ́ ọn.

Ó ní, "Báwo lo ṣe ń mọ ibi tó ń bọ̀?"

Tiwa ní, "Mi ò kì í wo bọ́ọ̀lù. Èjìká ẹni tó fẹ́ jù ú ni mo máa ń wò."

Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń bá àwọn méjèèjì lórí pápá kí n tó dé. Ọ̀kan á dúró sílé, èkejì á máa ju bọ́ọ̀lù sí i. Àwọn yòókù rí i, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bọ́ọ̀lù fún ara wọn. Mi ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹnu ìyẹn la wà tí àwọn ọ̀gá fi gbọ́ pé ilé ìwé wa á lọ díje ní Òṣogbo. Wọ́n pè mí. Ẹnìkan kò ní wọ ọ́fíìsì ẹnìkejì, nítorí náà, abẹ́ igi máńgòrò la ti ṣe ìpàdé.

Ọ̀gá òkè ní, "Mẹ́fà láti òkè, mẹ́fà láti ìsàlẹ̀."

Ọ̀gá ìsàlẹ̀ ní, "Aṣọ́lé ńkọ́?"

Ọ̀gá òkè ní, "Tiyín á ṣọ́lé ní ìdajì àkọ́kọ́, tiwa ní ìdajì kejì."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí eré bá ṣe ń lọ la máa ń fi mọ ẹni tí a ó pààrọ̀."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló bi ọ́?"

Mo kọ orúkọ bí wọ́n ṣe pè é.

Mọ́tò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ọ̀gá méjèèjì gbé dé Òṣogbo, wọ́n sì jókòó sí ìpẹ̀kun méjèèjì àga gígùn kan. Ìdajì àkọ́kọ́ dùn. Aṣọ́lé wa gbá bọ́ọ̀lù dànù débi pé àwọn ọmọ Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í bínú síra wọn. Nígbà ìsinmi, gọ́ọ̀lù mẹ́ta la fi ṣíwájú. Ọ̀gá òkè sáré wá, ó ń na ìka sí aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ó ti kan tiwa."

Ọ̀gá ìsàlẹ̀ ti dé. "Ẹ jẹ́ kí ọmọ mi parí ohun tó bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ra wọn lójú àwọn àlejò, rẹfirí sì ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ewúrẹ́ méjì tó ń kàn. Ojú tì mí débi pé mo ń yẹ okùn bàtà mi wò. Ìgbà yẹn ni aṣọ́lé òkè jókòó sílẹ̀, tó di orúnkún mú.

"Àǹtí, orúnkún ń dùn mí. Mi ò lè dìde."

Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Láti ìgbà wo?"

"Ìsinsìnyí ni, sà."

"Dìde níbẹ̀!"

Ọmọ náà gbé ojú sókè sí i. "Sà, ẹni tó ń ṣọ́lé yẹn náà, tiwa ni."

Rẹfirí fun fèrè. Aṣọ́lé ìsàlẹ̀ padà sílé. Kò tíì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ẹni tí orúnkún ń dùn fi ń fò sókè sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀, tó ń pariwo, "Èjìká! Wo èjìká ẹ̀!"

A borí. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹgbẹ́ mìíràn nà wá ní ìnàkunà, a sì padà sí Iléṣà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ìsàlẹ̀ ní ọmọ òun ló gba ilé ìwé là. Ọ̀gá òkè ní kí ọmọ tó purọ́ pé orúnkún ń dun òun lọ gé koríko yí ọ́fíìsì òun ká fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ nọ́ọ̀sì ò mọ àdá mú. Aṣọ́lé ìsàlẹ̀ mú àdá tirẹ̀ wá láti abúlé, ó dúró tì í, ó gé èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó rán an. Mo gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe bí ẹni tó ń ka ìwé.

Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìjọba mìíràn ní kí wọ́n pín ilé ìwé náà padà. Wọ́n kó búlọ́ọ̀kù wá, wọ́n mọ ògiri síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, àwọn ọmọ mi ti jáde, ọ̀gá òkè sì fẹ́ fẹ̀yìn tì. Wọ́n ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbi ìdágbére, nípa bí ọ̀gá ṣe fi eré ìdárayá so ilé ìwé méjì pọ̀.

Mo lọ. Mo jẹ ìrẹsì wọn. Mo gba máìkì, mo sì sọ fún wọn pé bàbá rere ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa.